Ẹja tí kò lẹ́wà ní ìsàlẹ̀ òkun: kí ni kí n sọ fún àwọn ọmọ kíláàsì mi?

Tíṣà Asẹ́rò béèrè pé:

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Olùkọ́ sáyẹ́ǹsì ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní agbègbè Asẹ́rò, ní Abẹ́òkúta, àwọn ọmọ ọlọ́dún méjìlá sí mẹ́tàlá ni mo sì ń kọ́. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, iṣẹ́ wa dá lórí àwọn ẹranko tí ìran wọn lè parun bí a kò bá dáàbò bò wọ́n. Mo fi àwòrán erin hàn wọ́n, mo fi ti ìnàkí hàn wọ́n, àánú sì ṣe wọ́n dáadáa. Nígbà tí mo dé orí ẹja kan tí wọ́n ń pè ní blobfish, ẹ̀rín gba gbogbo kíláàsì kan. Ara ẹja náà rọ̀ dẹ̀dẹ̀ bí àmàlà tí kò jinná, imú rẹ̀ wọ́ wálẹ̀ bí imú àgbàlagbà tí inú ń bí, ẹnu rẹ̀ sì dà bí ẹnu ẹni tí wọ́n jẹ ní gbèsè tí wọn kò san.

Mo ṣàlàyé fún wọn pé ní ọdún 2013, ẹgbẹ́ kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń jà fún àwọn ẹranko tí kò lẹ́wà ṣe ìdìbò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, pé ẹja yìí ni àwọn ènìyàn yàn gẹ́gẹ́ bí ẹranko tó burẹ́wà jù lọ, àti pé ẹgbẹ́ náà sọ ọ́ di àmì ara wọn. Àlàyé yìí kò ràn mí lọ́wọ́ rárá, ńṣe ni ẹ̀rín tún le sí i. Ọmọkùnrin kan wá dìde, ó ní, “Mà, bí èyí bá parun, ta ni yóò sunkún?” Kí n tó dáhùn, ọmọbìnrin kan tí kì í sábà sọ̀rọ̀ fi kún un pé owó tí wọn yóò fi máa ṣọ́ irú ẹja bẹ́ẹ̀ ní ìsàlẹ̀ òkun, ṣé wọn kò lè fi ra oògùn sí ilé ìwòsàn ni. Mo sọ fún wọn pé n ó dáhùn ní Ọjọ́rú tó ń bọ̀.

Mo fẹ́ ìdáhùn tí ọmọ tó ní làákàyè lè gbà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má sọ fún mi pé ìwà lẹwà. Ọ̀rọ̀ yẹn ti wà lára ògiri kíláàsì wa láti ìgbà tí mo ti dé ibẹ̀, kò sì sí ẹnikẹ́ni nínú wa tó mọ ìwà tí blobfish ń hù.

Ọmọ Ẹ̀kọ́ Ẹja dáhùn pé:

Ẹ kú iṣẹ́, Tíṣà. Ẹ̀kọ́ nípa ẹja ni mo kà ní yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Abẹ́òkúta níbí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àrọ̀ inú adágún ni mo fi ń jẹun báyìí. Kí ẹ tó dá ọmọkùnrin yẹn lóhùn, ẹ kọ́kọ́ tún ọ̀rọ̀ àwòrán yẹn ṣe, nítorí pé òkú ẹja tí ìyà ti jẹ ni ẹ fi hàn wọ́n.

Ọdún 2003 ni wọ́n ya èyí tó gbajúmọ̀ jù nínú àwọn àwòrán náà, nígbà tí ọkọ̀ ìwádìí Tangaroa ń wá àwọn ẹ̀dá inú ibú láàárín Australia àti New Zealand. Àwọn tó wà nínú ọkọ̀ náà sọ ẹja yẹn ní Mr Blobby, ó sì wá di ohun ìpamọ́ ní Australian Museum ní Sydney. Níbi tí irú ẹja yìí ń gbé, láàárín mítà 600 sí mítà 1,200 nísàlẹ̀, agbára tí omi fi ń tẹ ohun gbogbo tó ìlọ́po 60 sí 120 èyí tó ń tẹ̀ wá lórí ilẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹja tí a mọ̀ lọ́jà ní àpò atẹ́gùn nínú ikùn, èyí tó ń jẹ́ kí wọ́n léfòó. Ẹni tó bá ti la ẹja rí ti rí i, ó dà bí bàlúù funfun kékeré. Irú àpò bẹ́ẹ̀ yóò di wàhálà fún ẹja tó ń gbé ibú, nítorí pé omi yóò fún un pọ̀. Ohun tí blobfish ní dípò rẹ̀ ni ara tó rọ̀ bí ẹ̀kọ tútù, tí ìwúwo rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ti omi dọ́gba, tó fi jẹ́ pé ó lè dúró díẹ̀ sókè ilẹ̀ òkun láìlo agbára, kó máa dúró de akàn àti àwọn ẹ̀dá kéékèèké mìíràn tó bá ń kọjá. Omi náà ló ń di ara rẹ̀ mú. Nígbà tí àwọ̀n bá wọ́ ọ dé òkè, ohun tó ń dì í mú ti lọ, awọ rẹ̀ ti bó, ẹran ara rẹ̀ sì wó. Nílé rẹ̀, ẹja olórí ńlá onírù tẹ́ẹ́rẹ́ lásán ni. Bí wọ́n bá fa èmi àti ẹ̀yin lọ sí ibẹ̀ láìsí ọkọ̀ tó nípọn láti bò wá, n kò rò pé ẹnikẹ́ni yóò fi wá sínú ìdíje arẹwà.

Ní ti ewu tó ń dojú kọ ọ́, n kò gbọ́ pé apẹja kan ń wá a lọ. Àwọn àwọ̀n ńláńlá tí ọkọ̀ ń wọ́ lórí ilẹ̀ òkun nítorí ẹja mìíràn ló ń kó o mọ́ wọn. Ọ̀kan nínú àwọn ẹja tí irú àwọ̀n bẹ́ẹ̀ ń lépa ni orange roughy, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pa lọ́pọ̀ yanturu ní New Zealand láti ìparí àwọn ọdún 1970. Ẹja yìí lè lò tó ọdún 200 láyé àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì máa ń tó ọdún 20 sí 40 kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í yé ẹyin. Ẹ fi wé ìlú wa: ọdún 1830 ni àwọn Ẹ̀gbá tẹ̀dó sábẹ́ Òkè Olúmọ, èyí tó túmọ̀ sí pé àgbà orange roughy tí wọ́n bá gbé sórí àwo ọbẹ̀ lónìí lè ti máa wẹ̀ nínú òkun kí Sódẹkẹ́ tó kó àwọn ènìyàn rẹ̀ dé ibẹ̀. Àrọ̀ tí mo ń sìn máa ń tó tà láàárín oṣù mélòó kan, bí mo bá sì tà á tán, mo lè tún kó ọmọ ẹja mìíràn sínú adágún. Àwọn ibi kan ní New Zealand wà tí wọ́n pa orange roughy níbẹ̀ débi pé wọ́n ní láti ti ibùdó náà pa, kò sì sí ẹni tó lè dúró de ẹja olọ́dún 200 mìíràn kó tó kú.

Ìyá Ẹlẹ́ja Kútọ̀ dáhùn pé:

Tíṣà, ọlọ́jà ni mí, mi ò kàwé púpọ̀ lórí ọ̀rọ̀ òkun, ṣùgbọ́n ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń ta ẹja dídì ní ọjà Kútọ̀, mo sì mọ ohun tí ojú ń ṣe fún ọjà. Títù ń dán, ìlà wà lẹ́yìn rẹ̀, oníbàárà kò ní bi mí léèrè púpọ̀ kó tó rà á. Pánlá tí kò lórí yá títà ju èyí tí orí rẹ̀ ṣì wà lọ, nítorí pé bí ènìyàn bá wo ẹnu pánlá pẹ́, yóò kọjá sọ́dọ̀ ẹlẹ́ja mìíràn. Àwọn oníbàárà mi kan wà tí wọn kò ní fẹnu kan àrọ̀ láéláé nítorí pé kò ní ìpẹ́, wọ́n sì ní Bíbélì ló sọ bẹ́ẹ̀.

Ohun tó jẹ́ kí n dá sí ọ̀rọ̀ yìí ni orange roughy tí àbúrò wa mẹ́nu bà. Ọmọ mi ọkùnrin tó ń bá mi ka ìwé yìí ló sọ fún mi pé slimehead ni àwọn Òyìnbó ń pè é tẹ́lẹ̀, èyí tó túmọ̀ sí olórí-ikun, àti pé àwọn tó fẹ́ tà á ló wá orúkọ mìíràn tó dùn ún gbọ́ létí fún un. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú mi, nítorí pé bí wọ́n bá kó o dé Kútọ̀ pẹ̀lú orúkọ àkọ́kọ́, èmi náà ìbá yí i padà kí ilẹ̀ tó mọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo rẹ́rìn-ín tán, mo rí ohun kan níbẹ̀ tí ẹ lè sọ fún àwọn ọmọ yẹn. Nígbà tí ẹja yìí ń jẹ́ olórí-ikun, ó ń jókòó jẹ́ẹ́ nínú ibú. Ọjọ́ tó gba orúkọ rere ni ìdààmú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ náà rò pé àìlẹ́wà ni yóò pa blobfish. Ní tèmi, ẹja tí ọjà bá fẹ́ ló wà nínú ewu, àti gbogbo ẹni tó bá ń gbé ní àdúgbò rẹ̀.

Bàbá Ìta-Òṣìn dáhùn pé:

Mo kí gbogbo yín. Mo ti di ẹni àádọ́rin ọdún, ẹ óò dárí jì mí bí n kò bá tẹ̀lé yín lọ sí New Zealand. Ìbéèrè ọmọbìnrin tí kì í sọ̀rọ̀ yẹn ni mo gbà pé ó gbọ́n jù nínú gbogbo ohun tí mo kà níhìn-ín.

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, igún pọ̀ ní ibi tí wọ́n ti ń pa màlúù ní Láfẹ́ńwá, wọ́n a tò sórí òrùlé bí àwọn àgbà tó ń dúró de ìpàdé. Kò sí ẹyẹ tó burẹ́wà tó wọn: orí wọn pá, ọrùn wọn hunjọ, wọ́n sì ń rùn. Síbẹ̀, àwọn bàbá wa ní a kì í pa igún, a kì í jẹ igún, a kì í fi igún bọ orí. Ẹnikẹ́ni kò dìbò kó tó sọ bẹ́ẹ̀. Ó wà nílẹ̀, a bá a nílẹ̀, a sì ń pa á mọ́. Lónìí, mo lè kọjá ní Láfẹ́ńwá lẹ́ẹ̀mẹwàá kí n má rí ẹyọ kan. Wọ́n ń pa wọ́n, wọ́n ń ta orí wọn fún oògùn, àwa tí a ni ọ̀rọ̀ yẹn la sì ń ṣe é. Ẹ tún lọ wo Odò Ògùn bó ṣe ń gbé ọ̀rá àti ìdọ̀tí kọjá lábẹ́ afárá. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ẹni tí kò lè ṣọ́ igún orí òrùlé rẹ̀, kí ló fẹ́ fi ẹja tó wà ní mítà 1,000 ṣe? Ẹ kọ́ àwọn ọmọ yín ní ti igún, kí ẹ fi ti òkun sílẹ̀ fún àwọn tó létí òkun.

Ọmọ Ẹ̀kọ́ Ẹja dáhùn pé:

Bàbá, mo dọ̀bálẹ̀. Ohun tí ẹ sọ nípa igún rí bẹ́ẹ̀: láti ọdún 2015 ni àwọn tó ń ṣe àkójọ àwọn ẹ̀dá tó wà nínú ewu lágbàáyé ti fi irú igún tí a mọ̀ jù ní ilẹ̀ wa sí ìpele ewu tó ga jù lọ ṣáájú ìparun nínú igbó.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín pé òkun náà ní igún tirẹ̀. Hagfish ni wọ́n ń pè é. Ó gùn bí ejò, kò ní àgbọ̀n, ojú rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ríran, bí ohunkóhun bá sì fọwọ́ kàn án, ó máa ń tú ikun tó pọ̀ jáde kíákíá, débi pé omi tó yí i ká yóò yọ̀ bí ọbẹ̀ ilá. Láti nu ikun náà kúrò lára, ó máa ń fi ara rẹ̀ ta kókó, yóò sì fa ara rẹ̀ gba inú kókó náà kọjá. Nígbà tí àbùùbùtán bá kú tó rì, hagfish wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ń dé ibi òkú náà. Wọ́n á wọnú rẹ̀, wọ́n á sì máa jẹ ẹ́ láti inú. Lẹ́yìn wọn, àwọn aràn kan wà tí wọn kò ní ẹnu, egungun ni wọ́n ń jẹ, ọdún 2002 ni ènìyàn sì ṣẹ̀ṣẹ̀ rí wọn. Ohun tí igún ń ṣe fún wa ní Láfẹ́ńwá ni àwọn wọ̀nyí ń ṣe níbẹ̀. Hagfish náà ti rí ọjà: wọ́n ń jẹ ẹ́ ní Kòríà, wọ́n sì ń fi awọ rẹ̀ ṣe pọ́ọ̀sì. Mo gbà pẹ̀lú Ìyá wa ní Kútọ̀ lórí ìyẹn.

Ọ̀rọ̀ kan tó yàtọ̀ díẹ̀: ní ọdún 2025, wọ́n dìbò fún ẹja tó gbayì jù ní New Zealand, blobfish ló wọlé, orange roughy sì ṣe ipò kejì. Ìburẹ́wà náà ti di ìpolongo ìbò.

Agbẹjọ́rò Òkè-Mọ́sàn dáhùn pé:

Mo fẹ́ dá Bàbá lóhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀, nítorí pé òkun kì í ṣe ti àwọn tó létí òkun nìkan gẹ́gẹ́ bí òfin ṣe wí. Nínú àdéhùn òfin òkun tí àwọn orílẹ̀-èdè ṣe ní ọdún 1982, tí Nàìjíríà sì fọwọ́ sí gẹ́gẹ́ bí ọmọ ẹgbẹ́ ní ọdún 1986, ilẹ̀ ìsàlẹ̀ òkun tó wà lẹ́yìn ààlà gbogbo orílẹ̀-èdè jẹ́ ogún àjùmọ̀ní gbogbo ọmọ aráyé. Bàbá mọ̀ ju mí lọ ohun tí ogún àjùmọ̀ní jẹ́ ní Abẹ́òkúta. Bí ẹnìkan nínú ẹbí bá dá ta ilẹ̀ ẹbí láìsọ fún olórí ẹbí, títà náà kò dúró. Bí olórí ẹbí fúnra rẹ̀ bá tà á láìgba ẹnu àwọn àgbààgbà ẹbí, wọ́n lè lọ fagi lé e ní kóòtù. Ọmọ ẹbí tó wà ní ìlú òkèèrè, tí kò fẹsẹ̀ kan ilẹ̀ náà rí, ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe.

Ìbéèrè yẹn sì ti dé báyìí, nítorí pé kì í ṣe àwọ̀n nìkan ló ń lọ sí ibú mọ́. Nínú òkun Pàsífíìkì, láàárín Hawaii àti Mẹ́síkò, àwọn òkúta kéékèèké tó rí bí ọ̀dùnkún wà nílẹ̀ lọ rẹrẹ, manganese, nickel, cobalt àti bàbà sì wà nínú wọn. Mílíọ̀nù ọdún kan ni òkúta yìí máa ń lò kó tó fi ìwọ̀n mìlímítà díẹ̀ nípọn sí i. Àjọ tó ń bójú tó ilẹ̀ ìsàlẹ̀ òkun, tí ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Kingston ní Jàmáíkà, ti fún àwọn ilé iṣẹ́ kan ní ìwé àṣẹ láti ṣèwádìí níbẹ̀. N kò ní purọ́ pé àwọn tó fẹ́ wà á kò ní ẹjọ́ tí wọ́n lè rò: bátìrì ọkọ̀ oníná ń fẹ́ irú irin wọ̀nyí, ìwakùsà lórí ilẹ̀ náà sì ń ba igbó àti omi jẹ́. Ṣùgbọ́n nínú ìwádìí kan tó jáde ní ọdún 2023, nǹkan bí mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá àwọn irú ẹ̀dá tí wọ́n rí ní agbègbè yẹn ni onímọ̀ kankan kò tíì sọ lórúkọ. Púpọ̀ nínú wọn jẹ́ aràn, àti àwọn ẹ̀dá kan tó dà bí apálà tó ń rìn, tó ń jẹ ẹrẹ̀. Ọmọ tí a kò tíì sọ lórúkọ, a kì í ti pín ogún rẹ̀. Ipa ẹ̀rọ kan tí wọ́n fi ṣe ìdánwò níbẹ̀ ní ọdún 1979 ṣì hàn kedere lórí ilẹ̀ nígbà tí wọ́n padà lọ wò ó ní ohun tó lé ní 40 ọdún lẹ́yìn náà.

Tíṣà, ẹ tún lè sọ fún wọn nípa ìgbín kan ní òkun Índíà, tó ń gbé ní ẹ̀gbẹ́ àwọn ihò tí omi gbígbóná ti ń tú jáde, ní ohun tó lé ní mítà 2,400 nísàlẹ̀. Ọdún 2001 ni wọ́n rí i. Irin wà lára ìpẹ́ tó bo ẹsẹ̀ rẹ̀ àti lára ìkarahun rẹ̀, bí ẹ̀wù ogun. Ní ọdún 2019, òun ni ẹ̀dá àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ sínú àkójọ àwọn tó wà nínú ewu nítorí ìwakùsà inú ibú, nígbà tó jẹ́ pé ibi mẹ́ta péré ni wọ́n mọ̀ pé ó wà.

Ní ti owó oògùn tí ọmọbìnrin yẹn béèrè, ohun tó pọ̀ jù nínú ìdáàbòbò ibú ni kí a má ṣe nǹkan kan níbẹ̀. Ní ọdún 2016, Ìṣọ̀kan Yúróòpù fòfin de wíwọ́ àwọ̀n lórí ilẹ̀ òkun wọn níbikíbi tó bá jìn ju mítà 800 lọ. Kò sí ẹ̀ṣọ́ tí wọ́n rán lọ jókòó ti ẹja. Ọkọ̀ apẹja ni wọ́n ń ṣọ́. Àdéhùn tuntun kan lórí òkun gbalasa, tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2023, ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí òfin ní oṣù kìíní ọdún 2026. Nínú gbogbo ìwé wọ̀nyí, n kò rí ibi tí wọ́n ti béèrè bóyá ẹ̀dá kan lẹ́wà.

Bàbá Ìta-Òṣìn dáhùn pé:

Agbẹjọ́rò, o ti fi ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ẹbí mú mi níbi tó ń dùn mí, nítorí pé mo ní ẹjọ́ ilẹ̀ tó ti pé ọdún mẹ́sàn-án nílé ẹjọ́. Mo gbà pé wọ́n gbọ́dọ̀ béèrè lọ́wọ́ wa. Ṣùgbọ́n n kò kúrò lórí ọ̀rọ̀ igún. Tíṣà, bí ẹ bá fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa èyí tó wà ní ìsàlẹ̀, ẹ kọ́kọ́ bi àwọn ọmọ náà bóyá ẹnìkan nínú wọn ti fojú ara rẹ̀ rí igún rí.

Tíṣà Asẹ́rò dáhùn pé:

Ẹ ṣeun púpọ̀, gbogbo yín. Mo ti mọ bí n ó ṣe bẹ̀rẹ̀ ní Ọjọ́rú. Ìbéèrè Bàbá ni yóò ṣáájú, ẹ̀rù sì ń bà mí pé mo ti mọ ìdáhùn rẹ̀, nítorí pé èmi fúnra mi kò lè rántí ìgbà tí mo rí igún gbẹ̀yìn. Lẹ́yìn náà, n ó ṣàpèjúwe ẹja kan fún wọn láìdárúkọ rẹ̀, bó ṣe rí nílé rẹ̀, n ó ní kí wọ́n yà á sínú ìwé wọn, kí n tó tún gbé àwòrán yẹn jáde pé èyí ni ohun tí àwọn tó wọ́ ọ jáde ṣe fún un. Àbúrò wa onímọ̀ ẹja, ṣé àrọ̀ yín kan kò lè dé kíláàsì wa kí àwọn ọmọ lè rí àpò atẹ́gùn náà?

Ọmọ Ẹ̀kọ́ Ẹja dáhùn pé:

N ó mú àrọ̀ wá bí ẹ bá fẹ́ sè é, Tíṣà, ṣùgbọ́n àpò atẹ́gùn rẹ̀ kéré, inú egungun ló sì fara pamọ́ sí, àwọn ọmọ kò ní rí nǹkan kan. Èpìyà ló dára jù fún irú iṣẹ́ yìí. Aládùúgbò mi ń sìn ín, n ó gba mẹ́ta lọ́wọ́ rẹ̀ ní àárọ̀ Ọjọ́rú, n ó sì gbé e dé Asẹ́rò kí aago mẹ́wàá tó lù. Ẹ bá mi wá ọ̀bẹ tó mú àti abọ́ omi, kí ẹ sì jẹ́ kí ọmọkùnrin tó béèrè ẹni tí yóò sunkún yẹn fi ọwọ́ ara rẹ̀ la ti àkọ́kọ́.